Orí Kẹfà: Ewéko Tó Ń Gbé Ayé Méjì Lórí Igi

Ní àríwá ìpínlẹ̀ Queensland, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, òkè méjì wà tí àwọsánmà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣí kúrò lórí wọn: Bartle Frere àti Bellenden Ker. Òjò tó ń rọ̀ sórí Bellenden Ker láàárín ọdún kan máa ń ju 7,000 mílímítà lọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Ìbàdàn lè mọ bí ìyẹn ṣe pọ̀ tó, òjò ọdún kan ní Ìbàdàn kò ju nǹkan bí 1,300 mílímítà. Nínú irú igbó bẹ́ẹ̀, èèpo igi kì í hàn sí gbangba. Mọ́ọ̀sì bò ó, fẹ́ẹ̀nì jókòó lé mọ́ọ̀sì, ọ́kíìdì tún rá pálá bọ́ sí àárín wọn. Níbi pàlàkà igi ńlá, níbi tí ewé jíjẹrà ti ṣù jọ, ni Phlegmariurus phlegmaria ti máa ń so rọ̀ sílẹ̀.

Kì í ṣe Queensland nìkan ló ti ń hù. Ó wà ní Íńdíà àti Sri Lanka, ó wà ní àwọn erékùṣù Indonéṣíà, títí dé àwọn erékùṣù inú Òkun Pàsífíìkì. Ó ń hù ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó sì ń hù lórí òkè. Ohun tí kò lè ṣe láìní ni ọ̀rinrin tí kì í gbẹ.

Ẹ̀ka rẹ̀ máa ń gùn, á sì máa wọ́ sísàlẹ̀ bó ṣe ń wúwo sí i. Bí ènìyàn bá fi ojú tọ ẹ̀ka kan láti ìdí, á rí i pé ó ya sí méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì tún ya sí méjì, bẹ́ẹ̀ ló ń bá a lọ. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ olórí nínú wọn. Ewé rẹ̀ kéré, ó le, ó ń dán, ó sì tò yí ọ̀pá ká. Ní ìparí ẹ̀ka, ìrísí yìí yí padà lójijì: ewé tó ń dán dópin, ó wá ku àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tí ewé ara wọn kò tóbi ju ìpẹ́ lọ, tí àwọn náà ń ya sí méjì-méjì, tí wọ́n ń fì bíi wajawaja etí aṣọ. Ibi ìbímọ ewéko náà nìyẹn, a ó sì padà sórí rẹ̀.

Kì í ṣe àfòmọ́

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lè pè é ní àfòmọ́. Àṣìṣe ni. Àfòmọ́ tó ń da àwọn àgbẹ̀ láàmú lórí igi kòkó àti igi obì máa ń ki ara rẹ̀ bọ inú igi tó gùn, á máa fa omi àti èròjà ilẹ̀ tí igi náà ti ṣe làálàá fà wá sókè. Phlegmariurus kò fa ohunkóhun lára igi. Ibùjókòó lásán ni igi jẹ́ fún un. Omi òjò àti ti kùrukùru ló ń mu, oúnjẹ rẹ̀ sì ń wá láti inú eruku, ìgbẹ́ kòkòrò àti ewé tó ti jẹrà sí pàlàkà igi. Nítorí èyí, ó fẹ́ràn kí ó máa hù láàárín àwọn fẹ́ẹ̀nì ńlá tí ewé wọn ń gba ìdọ̀tí jọ bí apẹ̀rẹ̀. Ohun tí fẹ́ẹ̀nì kó jọ fún ara rẹ̀ ni òun náà ń jẹ níbẹ̀.

Kì í ṣe fẹ́ẹ̀nì pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ fẹ́ẹ̀nì ni àwọn tó ń tà á ní Ọsirélíà fi ń pè é. Ewé fẹ́ẹ̀nì ní iṣan púpọ̀ tó ń pín sí wẹ́wẹ́. Ewé Phlegmariurus ní iṣan kan ṣoṣo tó gba àárín kọjá, kò sì pín rárá. Kì í sì í ṣe mọ́ọ̀sì, nítorí mọ́ọ̀sì kò ní gbòǹgbò, kò sì ní ojú iṣan tó ń gbé omi káàkiri ara bíi ti ewéko yìí. Ìran ọ̀tọ̀ ni òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ jẹ́. Líkópódíọ́ọ̀mù ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n lápapọ̀, láti inú orúkọ Lycopodium.

Gbòǹgbò rẹ̀ tilẹ̀ yẹ fún àkíyèsí ju ewé lọ. Lára ewéko púpọ̀, ibi tí gbòǹgbò bá ti hù náà ni yóò ti yọ síta. Ti Phlegmariurus kò rí bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ lókè nínú ọ̀pá, nítòsí ibi tí ọ̀pá ti ń dàgbà, á wá máa sọ̀ kalẹ̀ nínú ara ọ̀pá náà gan-an, lábẹ́ awọ, láìyọjú, títí tí yóò fi jáde ní ìdí. Bí wọ́n bá gé ìdí ọ̀pá tó ti gbó ní ìbú, tí wọ́n sì wò ó lábẹ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi, wọ́n á rí àwọn òbìrìkìtì kéékèèké tó yí iṣan àárín ká. Gbòǹgbò tó ń rìnrìn àjò ni wọ́n. Ewéko tó ń gbé lókè, níbi tí atẹ́gùn àti oòrùn ti lè gbẹ gbòǹgbò tó wà ní ìta, rí ààbò gidi nínú ètò yìí.

Nípa orúkọ, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe jẹ́ kí ìwé àtijọ́ dà á láàmú. Carl Linnaeus ló pè é ní Lycopodium phlegmaria lọ́dún 1753. Ìwé mìíràn á pè é ní Huperzia phlegmaria. Lọ́dún 1964, Josef Holub, onímọ̀ ewéko ará Czech, gbé Phlegmariurus kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbo tó dá dúró, ìwádìí DNA sì ti gbè é lẹ́sẹ̀. Nínú àkójọ tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kárí ayé gbé jáde lọ́dún 2016, nǹkan bí 250 ẹ̀yà ló wà nínú agbo náà, orí igi sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé.

Ayé kejì

Ewéko yìí kì í yọ òdòdó, kì í so èso, kò sì ní irúgbìn. Ní abíyá ewé kékeré kọ̀ọ̀kan lára wajawaja rẹ̀ ni àpò kan wà, tí àwọ̀ rẹ̀ ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú bó bá gbó. Àpò náà á là ní ìbú, ìyẹ̀fun yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́ á tú jáde, atẹ́gùn á gbé e lọ. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ìyẹ̀fun náà ni à ń pè ní sípọ́ọ̀. Irúgbìn ní ọlẹ̀ nínú, ó sì ní oúnjẹ tí ọlẹ̀ yóò kọ́kọ́ jẹ. Sípọ́ọ̀ kò ní ọlẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan péré ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yàtọ̀ ni pé ohun tó ń hù láti inú sípọ́ọ̀ kì í ṣe ewéko aláwọ̀ ewé tó ń so rọ̀ yìí. Ewéko mìíràn ni, tó kéré, tí ìrísí rẹ̀ kò sì jọ ti ìyá rárá. Gamẹ́tófáìtì ni orúkọ rẹ̀. Òun ló ń ní ẹ̀yà akọ àti ẹ̀yà abo. Sẹ́ẹ̀lì akọ rẹ̀ ní ìrù méjì, ó sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tín-ín-rín tó bo ibẹ̀ títí yóò fi kan ẹyin. Ìgbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé ni ọlẹ̀ tó máa ń bẹ̀rẹ̀, ọlẹ̀ náà ló sì ń dàgbà di ewéko tí gbogbo ayé mọ̀. Ìgbésí ayé kan parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń gba ipò fún ara wọn láti ìran dé ìran.

Ẹni tó fi ìlànà yìí hàn kedere kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n nígbà náà. Wilhelm Hofmeister ń bá bàbá rẹ̀ ṣòwò ìwé àti ìwé orin ní Leipzig, ní Jámánì, ó sì ń fi àfẹ̀mọ́júmọ́ wo ewéko lábẹ́ awò. Ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1851 ló so mọ́ọ̀sì, fẹ́ẹ̀nì àti àwọn igi tó ń so irúgbìn pọ̀ sábẹ́ òfin kan ṣoṣo: gbogbo wọn ló ń gbé ayé méjì. Ṣùgbọ́n àlàfo kan wà nínú iṣẹ́ náà. Kò sẹ́ni tó tíì rí gamẹ́tófáìtì líkópódíọ́ọ̀mù.

Kì í ṣe pé sípọ́ọ̀ wọ́n. Àwọn apòògùn Yúróòpù ń tà á nínú ìgò. Wọ́n gbìn ín, kò hù. Lọ́dún 1858, Anton de Bary rí àwọn kan tó hù díẹ̀, ó kà sẹ́ẹ̀lì mélòó kan lára wọn, lẹ́yìn náà gbogbo wọn kú. Láàárín àwọn ọdún 1870, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Fankhauser rí gamẹ́tófáìtì ẹ̀yà kan tó ń hù nílẹ̀ Yúróòpù. Ti ẹ̀yà orí igi ṣì wà ní ìpamọ́.

Jáfà, erékùṣù kan ní Indonéṣíà, ni ìdáhùn ti wá. Lọ́dún 1880, Melchior Treub, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Holland tí kò tíì pé 30 ọdún, gba iṣẹ́ olùdarí ọgbà ewéko Buitenzorg, ìlú tó ń jẹ́ Bogor lónìí. Àwọn Holland ló ń ṣèjọba níbẹ̀ nígbà náà, ọgbà ọ̀hún sì ti wà láti ọdún 1817, pẹ̀lú ẹ̀ka kan ní Cibodas, lẹ́bàá òkè Gede, níbi tó ga tó nǹkan bí 1,400 mítà, tí kùrukùru ti ń bo igbó. Ìgbàgbọ́ Treub ni pé ewéko gbígbẹ tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó lọ sí Yúróòpù kò lè sọ bí ewéko ilẹ̀ olóoru ṣe ń gbé. Ó ní kí onímọ̀ lọ bá a níbi tó wà. Ó kọ́ ilé ìwádìí sínú ọgbà náà fún àwọn onímọ̀ àlejò, òun fúnra rẹ̀ sì ń wá inú èèpo igi kiri.

Lọ́dún 1886 ló tẹ ohun tó rí nípa Phlegmariurus phlegmaria jáde. Inú èèpo tó ti ń jẹrà, nínú ìdọ̀tí dúdú tó wà láàárín pàǹtírí èèpo àti igi, ló ti bá gamẹ́tófáìtì náà. Fọ́nrán tín-ín-rín ni, tó ní ẹ̀ka, tó ní irun wẹ́wẹ́ lára, tí kò sì ní àwọ̀ ewé rárá. Ohun tí kò ní àwọ̀ ewé kò lè fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè oúnjẹ. Báwo ló ṣe wá ń yè? Treub rí fọ́ńgọ́ọ̀sì nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ó sì ti hàn gbangba báyìí pé fọ́ńgọ́ọ̀sì náà ló ń bọ́ ọ. Ó tún rí i pé ó lè bí sí i láìsí akọ tàbí abo: èèhù kéékèèké á jábọ́ lára fọ́nrán náà, wọ́n á sì di fọ́nrán tuntun.

Ìwádìí yìí ṣí àwọn ìbéèrè mìíràn sílẹ̀, pàápàá nípa àkókò. Hellmut Bruchmann, ará Jámánì, kọ ọ́ lọ́dún 1910 pé sípọ́ọ̀ Lycopodium clavatum, ìbátan tó ń hù nínú ilẹ̀ tútù Yúróòpù, lè lo ọdún mẹ́fà sí méje kí ó tó hù, kí gamẹ́tófáìtì rẹ̀ sì tún lo ọdún púpọ̀ sí i kí ó tó dàgbà. Abájọ tí ìgbìyànjú àwọn tó ṣáájú fi forí ṣánpọ́n: wọ́n ti da ìkòkò nù kí ohun inú rẹ̀ tó ronú àtihù. Ní apá ìparí ọ̀rúndún ogún, Dean Whittier ní Yunifásítì Vanderbilt, ní Amẹ́ríkà, wá gba ọ̀nà mìíràn. Ó fi sípọ́ọ̀ àwọn líkópódíọ́ọ̀mù sínú òkùnkùn, lórí oúnjẹ tó ní ṣúgà, láìsí fọ́ńgọ́ọ̀sì, gamẹ́tófáìtì sì hù. Ṣúgà ló ṣe iṣẹ́ tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ń ṣe nínú igbó.

Ẹni tó bá mọ̀ nípa ayé kejì yìí á mọ ìdí tí igi àgbà fi ṣe pàtàkì. Igi kékeré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn lè ga láàárín ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ á ṣì mọ́ tónítóní. Kò tíì ní pàǹtírí, kò tíì ní ilẹ̀ dúdú nínú pàlàkà, bẹ́ẹ̀ ni fọ́ńgọ́ọ̀sì tó yẹ kò tíì gbilẹ̀ níbẹ̀. Sípọ́ọ̀ lè bà lé e lójoojúmọ́ kí nǹkan kan má hù.

Ìdílé tó pẹ́ láyé

Àwọn líkópódíọ́ọ̀mù ti yà kúrò lára àwọn ewéko yòókù láti ohun tó ju 400 mílíọ̀nù ọdún lọ. Ọ̀kan lára ẹ̀rí tó dàgbà jù ni Baragwanathia, ewéko tó di òkúta ní ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà, tí William Lang àti Isabel Cookson ṣàpèjúwe lọ́dún 1935. Ọ̀pá tí ewé tín-ín-rín bò ni, ènìyàn sì lè fojú inú wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń so rọ̀ lórí igi Queensland lónìí.

Ní nǹkan bí 300 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, àwọn kan nínú ìdílé yìí di igi gíga. Lepidodendron ga ju 30 mítà lọ nínú irà ilẹ̀ olóoru ìgbà náà, òkú àwọn igi yìí sì wà lára ohun tó di èédú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà má ṣe kó èédú Enugu mọ́ ọn. Èédú tí wọ́n rí ní Enugu lọ́dún 1909 jẹ́ ti nǹkan bí 70 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ewéko olódòdó ti gba ilẹ̀, tí Lepidodendron sì ti kú àkúrun tipẹ́tipẹ́.

Àwọn ìwé kan ṣì ń pe Phlegmariurus ní ìyókù àwọn igi èédú wọ̀nyẹn. Ìyẹn kò tọ́. Isoetes, ewéko kékeré bíi koríko tó ń gbé létí omi, ló súnmọ́ Lepidodendron jù nínú àwọn tó ṣì wà láàyè. Ìlà Phlegmariurus ti yà sọ́tọ̀ ṣáájú ìgbà náà, ìtàn orí igi tirẹ̀ sì jẹ́ tuntun ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Ìwádìí DNA tí Niklas Wikström, Paul Kenrick àti Mark Chase gbé jáde lọ́dún 1999 fi hàn pé àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ ti padà sílẹ̀. Ní àwọn òkè Andes, ní Ecuador àti Colombia, níbi tó ga tí igi kò ti lè hù mọ́, àwọn ẹ̀yà tó dúró ṣánṣán nínú koríko tútù jẹ́ ọmọ àwọn tó ti fìgbà kan gbé lórí igi. Wọ́n tẹ̀lé òkè bó ṣe ń ga, nígbà tí igi tán, wọ́n kọ́ bí a ṣe ń gbé ilẹ̀.

Ìyẹ̀fun tó ń gbiná

Sípọ́ọ̀ líkópódíọ́ọ̀mù kún fún òróró, ó kéré, ó dọ́gba, omi kì í sì í mú un. Àwọn ìwà yìí ti gbé e dé ibi tí ewéko kì í sábà dé. Lọ́dún 1807, Nicéphore Niépce àti Claude arákùnrin rẹ̀, ní ilẹ̀ Faransé, fi ìyẹ̀fun Lycopodium ṣe epo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n pè ní Pyréolophore. Ìyẹ̀fun náà á bú gbàù nínú rẹ̀, á sì máa ti ọkọ̀ ojú omi lọ lórí odò Saône. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 1938, Chester Carlson wọ́n ìyẹ̀fun yìí kan náà sórí àwo tó ní agbára iná mànàmáná ní Astoria, New York. Àkọsílẹ̀ tó hàn sórí bébà lọ́jọ́ náà ni ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ fọtokópì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ilé-ẹ̀kọ́ girama náà mọ̀ ọ́n: òun ni wọ́n ń wọ́n sójú omi kí wọ́n tó kán ẹ̀kán òróró kan sí i, láti fi díwọ̀n bí mólékù ṣe kéré tó.

Oògùn náà wà níbẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà yọ èròjà kan tó ń jẹ́ huperzine A jáde lára Huperzia serrata. Ó ń dí ẹ́ńsáìmù tó ń ba acetylcholine jẹ́ nínú ọpọlọ lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò fún àrùn Alzheimer. A ti rí i nínú àwọn ẹ̀yà Phlegmariurus kan pẹ̀lú. Ní gúúsù Ecuador, àwọn oníṣègùn Saraguro ti ń lo ìbátan wọn láti fi fọ inú aláìsàn. Èròjà tó lè yí ìṣe ọpọlọ padà kì í ṣe àgbo tí ènìyàn ń sè fúnra rẹ̀.

Ewu, àti èyí tó wà nítòsí

Igbó gígé ni ewu àkọ́kọ́. Èkejì ni àwọn tó ń kó ewéko tà. Ní Queensland, àwọn olólùfẹ́ ọgbà ti wá Phlegmariurus dalhousieanus, tí àwọ̀ rẹ̀ ń wọ búlúù, kiri inú igbó débi tí òun àti àwọn ẹ̀yà mìíràn fi wọ inú àkójọ àwọn ewéko tí òfin ìjọba àpapọ̀ Ọsirélíà ń dáàbò bò. Òwò yìí ń gbóná nítorí pé kò rọrùn láti fi sípọ́ọ̀ gbìn wọ́n nínú ilé gbígbìn. Gígé ẹ̀ka, tàbí títẹ orí ẹ̀ka sínú mọ́ọ̀sì tútù títí tí yóò fi ta gbòǹgbò, ni ọ̀nà tí àwọn olùgbìn ewéko ń gbà, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń lọ. Ẹni tó bá kánjú á gun igi inú igbó.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà kò ní láti lọ sí Jáfà kó tó rí líkópódíọ́ọ̀mù. Palhinhaea cernua, tí ìwé àtijọ́ ń pè ní Lycopodium cernuum, ń hù lórí ilẹ̀ amọ̀ tútù tí wọ́n gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àti létí omi tí oòrùn ń dé. Ó dúró lórí ilẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ tẹ́, orí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì tẹ̀ sísàlẹ̀ pẹ̀lú kóńkó kékeré tí sípọ́ọ̀ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Treub ṣe ìwádìí òun náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1884. Gamẹ́tófáìtì tirẹ̀ kì í sá pamọ́ bíi ti orí igi: ìdí rẹ̀ wà nínú ilẹ̀, orí rẹ̀ tó ní àwọ̀ ewé sì yọ síta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mílímítà díẹ̀ péré ni gbogbo rẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ bá ti tutù, tí àwọn ewéko kéékèèké rẹ̀ tí kò tíì ga ju ìka lọ bá pọ̀ sí, ni kí a fi awò wá a. Lábẹ́ èyí tó ti gbó, gamẹ́tófáìtì tó bí i sábà máa ń ti kú.